Orin Tí Ìbídùnní Fi Ń Bá Nọ́ọ̀sì Jà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa, oòrùn kò tíì mú, ìró ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata sì ti ń dún láti Ọjà Ọba. Ní ilé kan tí kò jìnnà sí ọjà yẹn ní Àkúrẹ́, Ìbídùnní ti jí, ó ti di ìgbálẹ̀ mú, ó sì ti gbé orin lé e.

Orin ò wọ́n lẹ́nu Ìbídùnní rárá. Iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe. Bó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa tẹ̀ ẹ́, ẹnu rẹ̀ á máa kọrin, aṣọ á sì máa jáde. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá, òun ni wọ́n máa ń tì síwájú pé kó dá a, kí àwọn gbè é. Ọlọ́run fún un lóhùn, kò sì fi ahun ṣe.

Ṣùgbọ́n orin àárọ̀ ọjọ́ yìí kì í ṣe orin ìyìn. Ó gbálẹ̀ títí dé abẹ́ fèrèsé aládùúgbò rẹ̀, ó dúró síbẹ̀, ó ń gbá ojú kan náà bí ẹni pé gbogbo ìdọ̀tí Àkúrẹ́ ló kóra jọ síbẹ̀. Ó wá ké e:

Ẹnu tó ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí mi,
Olúwa, bá mi dí i!
Yanrìn ni kẹ́ ẹ fi dí i,
Amọ̀ ni kẹ́ ẹ fi rẹ́ ẹ!

Fèrèsé ṣí, gbàù!

“Ìyá Ìtùnú! Bó o bá fẹ́ bú mi, bú mi. Má fi Ọlọ́run ṣe agbódegbà!”

“Ta ló bá yín wí, Màmá Jesse? Ṣebí orin Ọlọ́run ni mò ń kọ. Ẹni tórin bá ń dùn níkùn, kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò.”

Fèrèsé padé, gbàù! Ìbídùnní rẹ́rìn-ín, ó wá gbálẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti oṣù mẹ́jọ nìyẹn. Ẹ̀yin àgbà mọ orin òwe. Bí ìjà bá wà láàárín obìnrin méjì nínú ọgbà kan, èyí tó gbọ́n nínú wọn ò ní pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Orin ni yóò fi sọ ọ́, nídìí àwo tó ń fọ̀ tàbí ilẹ̀ tó ń gbá, ẹnikẹ́ni ò sì ní lè mú un pé ó bú òun. Ohun tí Ìbídùnní fi kún un ni pé orin ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lò. Á mú ohùn orin tí wọ́n fi ń yin Olúwa, á yọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dànù, á fi ọ̀rọ̀ ìjà rọ́pò rẹ̀. Lójú tirẹ̀, Kristẹni kì í jà. Òun ò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, òun ò pe ẹnikẹ́ni lólè, nítorí náà òun àti Jésù ò ní ìjà.

Ká má purọ́ o, Màmá Jesse ṣòroó bá gbé. Monílọ́lá Ọláwuyì lorúkọ rẹ̀, ọmọ Oǹdó ni, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n gbẹ̀bí kó tó fẹ̀yìn tì. Bí kò bá sí níbẹ̀, Nọ́ọ̀sì Ata làwọn ará ilé ń pè é. Bí aṣọ tó o sá bá fi ìdí kan fèrèsé rẹ̀, ilẹ̀ lo máa bá a. Bí ọmọ rẹ bá ń húkọ́, á pariwo láti orí àtẹ̀gùn pé, “Ọmọ ta ló ń húkọ́ bí mọ́tò àlòkù yẹn?” Lọ́jọ́ kan, lójú oníbàárà mẹ́ta, ó gbé búláòsì tí Ìbídùnní rán sókè, ó ní àpò gàrí ló rán, kì í ṣe búláòsì. Àtọjọ́ náà ni Ìbídùnní ti yàn án lódì. Ó dẹ́kun kíkí i. Ó dí nọ́ńbà rẹ̀ lórí fóònù. Orin nìkan ló kù láàárín wọn.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá sì parí sí ariwo fèrèsé, bí kò bá jẹ́ ti Ìtùnú.

Ìtùnú ni àkọ́bí Ìbídùnní. Ó ti lé lọ́dún márùn-ún tó ti wà nílé ọkọ kí oyún yìí tó dúró. Gbémiga, ọkọ rẹ̀, ń ṣe tíṣà ní Ipogun. Nígbà tí oyún wọ oṣù keje, wọ́n fẹnu kò pé kó máa gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Àkúrẹ́, kó lè sún mọ́ dókítà. Gbogbo ilé ló ń ka ọjọ́ fún un. Ó ti wọ oṣù kẹjọ báyìí.

Láàárọ̀ Ìṣẹ́gun yẹn kan náà ni Ìtùnú jáde pẹ̀lú ike omi. Àwọn oníbàárà méjì ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wá gba aṣọ. Fèrèsé tún ṣí.

“Ìtùnú, dúró níbẹ̀! Wo ẹsẹ̀ rẹ bí ọ̀dùnkún tí òjò pa. Wo ojú rẹ, ó kún bí búrẹ́dì. Òrùka ìgbéyàwó rẹ dà?”

“Ó ń fún mi lọ́wọ́, mà. Mo ti bọ́ ọ.”

“Ó ń fún ọ! Orí ń fọ́ ọ bí?”

Kí Ìtùnú tó dáhùn, àwọn oníbàárà ti bú sẹ́rìn-ín nítorí ọ̀dùnkún. Ìbídùnní fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọlé.

“Má dá a lóhùn mọ́. Kò bímọ obìnrin, ìdí nìyẹn tí ara fi ń ta á.”

“Màmi, orí ń fọ́ mi lóòótọ́ o.”

“Lo parasítámọ́. Aboyún wo ni orí kì í fọ́?”

Ọ̀la ọjọ́ náà, Ọjọ́rú, ni ọjọ́ àyẹ̀wò àwọn aboyún ní ilé ìlera àdúgbò. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Ọjọ́rú ni Màmá Jesse máa ń lọ síbẹ̀ lọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn aboyún. Kò gba kọ́bọ̀, ó kàn fẹ́ràn iṣẹ́ náà ni.

“O ò ní lọ lọ́la,” ni Ìbídùnní wí.

“Màmi, ọjọ́ mi ti pé.”

“Kí obìnrin yẹn tún wá pè ọ́ ní ọ̀dùnkún lójú gbogbo ayé? Jẹ́ ká fò ó lẹ́ẹ̀kan yìí. Ọlọ́run ló ń tọ́jú aboyún.”

Ìtùnú ò lọ. Ọmọ tó gbọ́ràn ni, ìgbọràn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Gbémiga dé láti Ipogun pẹ̀lú iṣu àti ọ̀pọ̀ ẹ̀rín. Ó wo ìyàwó rẹ̀ títí.

“Màmá, ẹ má bínú o. Ojú Ìtùnú yìí ò ti wú jù?”

“Ọkọ ọmọ mi, oyún ọkùnrin ni. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ṣé ìwọ lo bí i ni, àbí èmi ni mo bí i?”

Gbémiga rẹ́rìn-ín, ó gbé e kúrò lọ́kàn. Ta ni yóò bá ìyá ìyàwó rẹ̀ jiyàn lórí ọ̀rọ̀ oyún?

Ọjọ́rú kejì pé, wọn ò tún lọ. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n gbọ́ ìkànkùn. Màmá Jesse ló dúró síbẹ̀, ó gbé àpò kékeré kan dání, ẹ̀rọ ìfúnpá ló wà nínú rẹ̀.

“Ìyá Ìtùnú, mi ò wá ọ wá. Ọmọ rẹ ni mo wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kò wá sí àyẹ̀wò. Yà fún mi kí n wọn ìfúnpá rẹ̀.”

Ìbídùnní fi ara dí ẹnu ọ̀nà. “A ò pè yín.”

“Ṣé ó di ìgbà tí wọ́n bá pè mí kí n tó wá? Obìnrin yìí, agbárí rẹ le bí òkúta! Ìwọ àti agídí rẹ yìí, ẹ máa pa ọmọ yẹn, ẹ ó sì pa èyí tó wà níkùn rẹ̀!”

Ìbídùnní tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé. “Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará ilé! Ó gégùn-ún fún ọmọ mi! Ó pe ikú sí i lójú mi kòrókòró!” Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gbé orin sókè. Ó kọrin títí Màmá Jesse fi padà.

Nírọ̀lẹ́, àwọn obìnrin mẹ́rin láti ẹgbẹ́ àwọn ìyá wá bá a gbàdúrà. Wọ́n kọjú sí ògiri Màmá Jesse. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní gbogbo ẹnu tó ń pe ikú sí aboyún, kí ikú padà sí i. Ní ìdáwọ́dúró kan báyìí, wọ́n gbọ́ ohùn láti òdì kejì: “Ẹ ṣáà wọn ìfúnpá rẹ̀!” Wọ́n tún pàtẹ́wọ́ sókè sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Ìbídùnní di ẹrù. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí ọmọ òun bímọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu burúkú. Òun àti Ìtùnú wọ mọ́tò, ó di Oǹdó, lọ́dọ̀ ìyá tó bí i.

Yèyé Oríọlá ni wọ́n ń pe ìyá náà. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, eyín rẹ̀ ò pé mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ pé. Ó gba Ìtùnú mọ́ra, ó mú un jókòó, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú ibi tó tẹ̀ jin sínú, kò sì padà bọ̀ sípò kíákíá. Yèyé rí i. Ó yíjú sí Ìbídùnní.

“Kí ló lé yín wá láìròtẹ́lẹ̀ báyìí?”

Ìbídùnní wá ròyìn. Ó sọ ọ́ dùn! Ó ṣe Màmá Jesse bí ó ṣe máa ń rìn, ó ṣe ohùn rẹ̀, ó kọ orin náà láti òkè dé ilẹ̀, ó ń retí kí ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Yèyé ò rẹ́rìn-ín.

“O ti sọ̀rọ̀ tó. Ìbídùnní, bó o bá fẹ́ se ẹ̀wà tí òkúta wà nínú rẹ̀, ṣé o máa ń da gbogbo rẹ̀ nù ni?”

“Rárá, Yèyé. Mo máa ń ṣà á ni.”

“Ṣa èyí náà fún mi. Yọ èébú kúrò nínú ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn. Yọ ọ̀dùnkún, yọ búrẹ́dì, yọ òkúta. Kí ló kù?”

Ìbídùnní bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á.

“Ó ní... ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó ní ojú rẹ̀ wú. Ó bi í bóyá orí ń fọ́ ọ. Ó ní ká wọn ìfúnpá.”

“Ìyẹn lo pè ní èpè?”

Láti orí àga, Ìtùnú fọwọ́ bo ojú.

“Màmi, nǹkan kan ń tàn yẹ̀rì lójú mi. Bí iná àwọn wẹ́dà tó ń jó irin. Ibi àyà mi nísàlẹ̀ yìí náà ń dùn mí.”

Yèyé dìde. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló dìde, bí ọmọ ogún ọdún. “Ìbídùnní, pe nọ́ọ̀sì yẹn.”

“Kí n pè é? Èmi? Yèyé, yóò fi mí ṣẹ̀sín títí ayé mi.”

“Kó fi ọ́ ṣẹ̀sín. Ẹ̀sín ò pa ẹnikẹ́ni rí. Adélaní! Adélaní o! Gbé mọ́tò rẹ jáde!” Adélaní ni ọmọkùnrin aládùúgbò Yèyé, tó ń fi mọ́tò ṣiṣẹ́.

Ìbídùnní ti dí nọ́ńbà náà lórí fóònù tirẹ̀, ti Ìtùnú ló fi pè é.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, Màmá Jesse. Ìyá Ìtùnú.”

“O ti kọrin tán?”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mo bẹ̀ yín. Iná ń tàn lójú ọmọ mi. Ó ní abẹ́ àyà ń dun òun.”

Ohùn náà yí padà lójú ẹsẹ̀. Kò dùn, ṣùgbọ́n ó dúró ṣinṣin. “Gbọ́ mi dáadáa. Ìfúnpá rẹ̀ ti ga, oyún ló gbé e ga. Ó lè dà á ní gìrì nígbàkígbà. Níbo lẹ wà?”

“Oǹdó.”

“Ó dára. Ilé ìwòsàn ńlá ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, níbi tí wọ́n ti lè ṣiṣẹ́ abẹ. Ẹ má yà sí ilé agbẹ̀bí kankan, ẹ má yà sí ilé àdúrà. Ẹ gbàdúrà nínú mọ́tò. Ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má fún un ní nǹkan kan jẹ. Ẹ jẹ́ kó fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn. Bí gìrì bá mú un, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ kàn jẹ́ kó wà lórí ẹ̀gbẹ́ òsì, kí itọ́ lè ṣàn jáde, kó má baà sé e léèémí. Tún un sọ fún mi.”

Ìbídùnní tún un sọ, ó ń sunkún.

“Má sunkún, máa lọ! Èmi náà ń bọ̀.”

Wọn ò tíì dé ẹnu géètì ilé ìwòsàn tí gìrì fi mú Ìtùnú. Ara rẹ̀ le gan-an, ojú rẹ̀ yí. Adélaní pariwo láti iwájú: “Màmá, ẹ wá ṣíbí! Ẹ wá nǹkan fi ya eyín rẹ̀!”

“Rárá!” ni Ìbídùnní ké. “Má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu! Máa wa mọ́tò rẹ!” Ó di ọmọ rẹ̀ mú ní ẹ̀gbẹ́ òsì, bí Nọ́ọ̀sì Ata ṣe wí, gẹ́lẹ́ bó ṣe wí i.

Àwọn nọ́ọ̀sì sá jáde pẹ̀lú ibùsùn. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fa omi sí i lára. Nígbà tí gìrì dáwọ́ dúró tí ìfúnpá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Gbémiga ti ń bọ̀ láti Ipogun. Yèyé àti Ìbídùnní jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

Ìbídùnní yíjú sí ìyá rẹ̀. “Yèyé, ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé Kristẹni gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ènìyàn máa fi òun nu ẹsẹ̀? Obìnrin yẹn ti bú mi o. Kò sí irọ́ níbẹ̀.”

“Ta ló ní kó máa fi ọ́ nu ẹsẹ̀? Olúwa wa ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tó pe búláòsì rẹ ní àpò gàrí, ó yẹ kó o kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lálẹ́. Ẹ̀yin méjèèjì péré. Kó o ní, ‘Màmá Jesse, ohun tí ẹ sọ lójú àwọn oníbàárà mi dùn mí, ó sì lè lé oúnjẹ kúrò lẹ́nu mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí iṣẹ́ mi bá ní àléébù, ẹ pè mí sí kọ̀rọ̀.’ Ṣé o sọ ọ́?”

“N ò sọ ọ́.”

“O gbọ́ èébú, o lọ rán orin. O yan odì, o sì pe odì náà ní ìwà pẹ̀lẹ́. O ní kí Ọlọ́run lọ bá obìnrin yẹn jà fún ọ, Ọlọ́run tó sì fẹ́ràn rẹ̀ bó ṣe fẹ́ràn rẹ. Ọmọ mi, ẹni tó bá yan odì, etí ara rẹ̀ ló ń dí. O dí etí rẹ mọ́ èébú, o sì dí i mọ́ ìkìlọ̀. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà wọlé.”

Dókítà Akínyẹmí jáde, ó ń yọ ìbòmú rẹ̀. Ó ní ọmọ obìnrin ni, ó ti ké, ṣùgbọ́n kò tó kílò méjì. Ó ní ìyá rẹ̀ náà wà láàyè.

Ìbídùnní wólẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Dókítà gbé e dìde, ó sì sọ òótọ́ fún un láìfi oyin ra á. “Màmá, ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ó máa ń mú obìnrin tó ń lóyún àkọ́kọ́ púpọ̀. Bí ojú àti ọwọ́ bá ṣàdédé wú, tí orí ń fọ́ tí oògùn ò gbọ́ ọ, tí ojú ń ṣú tàbí tó ń rí iná, tí abẹ́ àyà ń dùn, kí wọ́n má dúró di ọ̀la. Nígbà mìíràn gan-an, kì í fi àmì kankan hàn, ẹ̀rọ nìkan ló ń rí i. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí wọ́n wá sí gbogbo àyẹ̀wò. Ká ní ẹ wá lọ́sẹ̀ tó kọjá ni, ó ṣeé ṣe ká ti rí i kó tó di gìrì. Ta ló sọ fún yín pé kẹ́ ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì gbé e?”

“Aládùúgbò mi ni.”

“Ẹ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

Kò pọn dandan kó lọ jìnnà. Màmá Jesse ti ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, sílípáàsì ilé ló wọ̀, ọ̀kan pupa, ọ̀kan aláwọ̀ ewé.

“Ìyá Ìtùnú! O rí ara rẹ! Mo sọ ọ́, mi ò sọ ọ́? Agbárí òkúta!”

Ìbídùnní kúnlẹ̀ fún un lójú gbogbo èrò. “Ẹ sọ ọ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Mo fi orin Ọlọ́run ju yín lókùúta. Mo fi ọ̀rọ̀ yín du ọmọ mi, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.” Ó dìde, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan sí i, nítorí mi ò fẹ́ yan odì mọ́. Bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ lójú àwọn ènìyàn ń dójú tì wá, mà. Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín, mi ò sì gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́ àfi ẹ̀rín wọn. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ pè mí wọlé, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún mi bó ti wù kó korò.”

Màmá Jesse wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé sílípáàsì òun ò bára mu.

“Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń pariwo mọ́ ikú ní yàrá ìbímọ,” ló wí. “Ẹnu mi ò mọ ọ̀nà mìíràn mọ́. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ohun tó o wí.” Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá. “Ọmọ náà dà? Ta ló ń mú un móoru?”

Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ni wọ́n lò nílé ìwòsàn. Inú àpótí tí wọ́n fi ń mú ọmọ kékeré móoru ni ọmọ wà. Ìbùkún ni wọ́n sọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni ojú Ìtùnú fi ṣú, ohùn ọmọ nìkan ló fi mọ̀ ọ́n. Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí ló ń lo oògùn ìfúnpá, wọ́n sì ti kì í nílọ̀ pé bó bá tún lóyún, àti ìbẹ̀rẹ̀ ni kó ti wà lójú dókítà. Gbémiga ò bínú sí ìyá ìyàwó rẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n ó sọ fún un wẹ́rẹ́ pé, “Màmá, lọ́jọ́ mìíràn, mo máa bá yín jiyàn o.” Ìbídùnní ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà sí Àkúrẹ́, Ìbídùnní dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Wọ́n rò pé orin ló fẹ́ dá. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi èyíkéyìí pamọ́. Àwọn mẹ́rin tó bá a kọjú sí ògiri ń wo ilẹ̀.

Goodness, ìyàwó tuntun kan nínú wọn, na ọwọ́. “Màmá, bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ẹni tó ń luni ńkọ́? Ṣé kéèyàn lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, òun nìkan?”

Ìbídùnní dá a lóhùn. “Rárá o, ọmọ mi. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ líle yàtọ̀ sí ẹni tó ń ṣeni léṣe. Ẹni tó ń luni, jáde kúrò ní àrọ́wọ́tó rẹ̀. Sọ fún ìyá rẹ, sọ fún pásítọ̀, sọ fún ọlọ́pàá. O lè dárí jì í láti òkèèrè. Ìdáríjì ò ní kó o padà lọ gba ìgbájú.” Goodness jókòó. Nígbà tí ìpàdé parí, Ìbídùnní àti ìyàwó pásítọ̀ mú un lọ sí kọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, wọ́n sì bá a lọ sílé àwọn òbí rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ṣé Màmá Jesse wá yí padà? Ẹ má retí ìyẹn o! Lọ́sẹ̀ kejì ló tún pariwo pé ẹ̀rọ ìránṣọ ò jẹ́ kí òun sun oorun ọ̀sán. Ìbídùnní kàn án ní ilẹ̀kùn, ó jókòó, wọ́n sọ ọ́. Ìbídùnní ní òun ò ní ránṣọ láàárín aago méjì sí mẹ́ta mọ́. Màmá Jesse ní òun ò ní bú iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ lójú oníbàárà. Ó ti kùnà ẹ̀ẹ̀mejì látìgbà náà. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Ìbídùnní lọ sọ fún un, ó rọra sọ ọ́, kò sì fi odì sí i. Ìgbádùn wà nínú rẹ̀, ẹ gbà mí gbọ́. Ọkàn tí kò di kùnkùn sínú máa ń fúyẹ́, oúnjẹ á sì máa lọ lọ́nà ọ̀fun.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ti Jésù, ẹ yẹ ilẹ̀kùn àdúgbò yín wò lónìí. Èwo lẹ ti dẹ́kun kíkàn? Ó lè jẹ́ ti ìyá ọkọ, ó lè jẹ́ ti ọ̀gá ibi iṣẹ́, ó lè jẹ́ ti ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jókòó ní bẹ́ǹṣì kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ṣa òkúta inú ọ̀rọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ wo ohun tó kù. Ẹ sọ èyí tó dùn yín fún un lójú, ní kọ̀rọ̀, láìsí èébú. Bó bá gbọ́, ẹ dúpẹ́. Bí kò bá gbọ́, ẹ mú ẹni tó ní òye dání padà lọ. Ẹ gbàdúrà fún un, kí ó yè. Bí aboyún bá wà nínú ilé yín, ẹ má jẹ́ kí ìjà yín dí ọ̀nà ilé ìlera mọ́ ọn. Ìtùnú bọ́, ọmọ rẹ̀ bọ́. Ẹ má dán tiyín wò.